Páǹpù Broad Street, 1854: Àwọn Tí Kò Kú Ló Tú Àṣírí Omi Náà

Àwọn àgbà tó sọ kọ́lẹ́rà ní onígbáméjì mọ ohun tí wọ́n ń sọ: igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́. Orúkọ náà ti sọ ibi tí àrùn ọ̀hún ń gbà jáde lára aláìsàn. Ibi tó ń gbà wọlé sára ẹlòmíràn ni àríyànjiyàn wà lé lórí ní London ní ọdún 1854, nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà àti aláṣẹ gbà pé òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ló ń pa ènìyàn.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún náà, àrùn yìí bẹ́ sílẹ̀ gììrì ní àdúgbò Soho, ní òpópónà Broad Street, èyí tí wọ́n ń pè ní Broadwick Street lónìí. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, ó lé ní 500 ènìyàn tí àrùn náà pa láàárín 250 yáàdì sí ibi tí Cambridge Street ti pàdé Broad Street. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni 250 yáàdì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀, òkú tí wọ́n kà jẹ́ 616.

Bí ayé ṣe máa ń sọ ìtàn náà nìyí: dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow fi àmì òkú kọ̀ọ̀kan sórí máàpù, ó rí i pé àwọn àmì náà ṣù mọ́ páǹpù kan, ó ní kí wọ́n yọ ọwọ́ páǹpù náà, ikú sì dáwọ́ dúró. Ìtàn yẹn dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti tò ó sódì. Páǹpù ni Snow kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n ti yọ ọwọ́ rẹ̀ kí máàpù tirẹ̀ tó jáde rárá. Ikú sì ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ibi tí ẹ̀rí gidi ti jáde ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé láàárín òkú tí wọn kò kú, àti àwọn tó kú síbi tí àrùn kò dé.

Omi tó mọ́ lójú

Iṣẹ́ tí Snow fi ń jẹun ni fífi oògùn kun aláìsàn lóorun. Òun ló fún Ọbabìnrin Victoria ní chloroform nígbà tó ń rọbí ní 1853. Ẹni tó ń díwọ̀n gáàsì lójoojúmọ́ mọ̀ pé bí gáàsì bá ṣe ń jìnnà sí orísun rẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ó sì rí i pé kọ́lẹ́rà kì í bẹ̀rẹ̀ láti imú tàbí àyà. Inú ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá ti inú bẹ̀rẹ̀, ẹnu ló gbà wọlé. Láti 1849 ló ti tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí èyí, pé ohun tó ti ara aláìsàn jáde ló ń wọ inú omi tí ẹlòmíràn ń mu. Àwọn tó gbà á gbọ́ kò pọ̀.

Páǹpù Broad Street dúró lórí kànga tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 28 sí 30, tí wọ́n fi bíríkì kọ́ inú rẹ̀ yíká. Omi rẹ̀ lókìkí. Ó tutù, ó mọ́ gaara, àwọn tí páǹpù mìíràn wà nítòsí wọn a máa kọjá èyí tó sún mọ́ wọn láti wá pọn ún. Àwọn ilé ọtí ń fi í pò mọ́ ọtí líle, àwọn ilé oúnjẹ ń gbé e sórí tábìlì, àwọn ìsọ̀ kéékèèké sì ń da ìyẹ̀fun tó ń hó sí i, wọ́n ń tà á bí ẹlẹ́rìndòdò. Èyí ṣe pàtàkì sí ẹni tó bá ń wádìí, nítorí ènìyàn lè mu omi páǹpù yẹn láìmọ̀ pé òun mu ún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, Snow bu omi náà wò. Ìdọ̀tí tó rí nínú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi ṣiyèméjì. Ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, ó tún bù ú wò, ó sì rí i pé iye ìdọ̀tí náà ń yí padà, pé nǹkan funfun wínníwínní kan ń léfòó nínú rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ nínú ìyẹn. Lọ́dún yẹn gan-an ni Filippo Pacini rí kòkòrò náà lábẹ́ ẹ̀rọ amúnǹkan-tóbi ní Florence ní Ítálì, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí. Ọdún 1883 sí 1884 ni Robert Koch ará Jámánì tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Omi Broad Street kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀, ó wá di dandan kí wọ́n bi ènìyàn.

Orúkọ 83

Snow lọ sí General Register Office, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ òkú sílẹ̀, ó sì gba ìwé àwọn tí kọ́lẹ́rà pa ní agbègbè Golden Square, Berwick Street àti St Ann's Soho ní ọ̀sẹ̀ tó parí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án. Orúkọ 89 ló wà níbẹ̀. Mẹ́fà péré ló kú ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ọ̀sẹ̀ náà, mẹ́rin kú ní Ọjọ́bọ̀, 79 tó kù sì kú láàárín Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Ó yọ mẹ́fà ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kúrò, nítorí pé irú ikú bẹ́ẹ̀ ti wà káàkiri London tẹ́lẹ̀. Ó ku 83.

Ó mú ìwé náà dání, ó ń ti ilé bọ́ sí ilé. Ohun tó ń béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: níbo ni olóògbé ti ń rí omi mu?

Nínú 83 yẹn, 73 ló ń gbé níbi tó jẹ́ pé páǹpù Broad Street ló sún mọ́ wọn jù. Àwọn ẹbí 61 nínú wọn sọ pé olóògbé máa ń mu omi náà, bóyá lójoojúmọ́ tàbí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Fún mẹ́fà, kò sí ẹni tó kù nílé tó lè dáhùn: wọ́n ti kú tàbí wọ́n ti sá lọ. Mẹ́fà tó kù, wọ́n ní wọn kò mu ún. Ní ti mẹ́fà ìkẹyìn yìí, ẹ rántí ilé ọtí àti ẹlẹ́rìndòdò.

Àwọn mẹ́wàá tó kù ló yẹ ká dúró tì, torí páǹpù mìíràn ló sún mọ́ ilé wọn. Ẹni tó kàn ń ka iye òkú lórí ìwé yóò pa wọ́n tì, yóò ní àrùn ti ràn dé ọ̀dọ̀ wọn. Snow wá ilé wọn lọ. Ìdílé márùn-ún nínú wọn sọ fún un pé Broad Street ni àwọn máa ń ránni sí, nítorí omi ibẹ̀ ló wù wọ́n. Mẹ́ta mìíràn jẹ́ ọmọdé tí ilé ẹ̀kọ́ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páǹpù náà. Wọ́n mọ̀ dájú pé méjì nínú wọn máa ń mu ún, àwọn òbí ìkẹta sì rò pé ó ṣeé ṣe. Méjì ló kù tí a kò lè so mọ́ páǹpù náà, iye yẹn kò sì ju ikú tó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ẹ̀rí tí a rí gbà ní ọjọ́ mélòó kan, láìsí tẹlifóònù, láìsí kọ̀ǹpútà, èyí le ju ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe lónìí lọ.

Ilé tí ikú fò kọjá

Ní Poland Street, ilé kan wà tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí. Òkú wà nínú àwọn ilé tó yí i ká. Ènìyàn 535 ló ń gbé inú rẹ̀, àwọn tálákà, arúgbó, aláìlera, irú àwọn tí gbogbo ènìyàn gbà pé àrùn máa ń kọ́kọ́ mú. Márùn-ún péré ni kọ́lẹ́rà pa. Snow ṣírò rẹ̀ pé bí wọ́n bá kú bí àwọn ará òpópónà tó yí wọn ká ṣe kú, yóò lé ní 100. Ilé náà ní kànga tirẹ̀ nínú ọgbà, páìpù ilé-iṣẹ́ omi Grand Junction sì tún wọ ibẹ̀. Wọn kì í ránni sí Broad Street. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni, afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n ń fà sínú.

Ilé ìpọntí tó wà ní Broad Street fúnra rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó lé ní 70 ló wà níbẹ̀, ẹnì kan kò kú. Ọ̀gá wọn sọ fún Snow pé wọ́n ń fún wọn ní ọtí mu, òun kò sì rò pé wọ́n ń mu omi rárá; kànga jíjìn tiwọn wà nínú ilé ìpọntí náà pẹ̀lú omi páìpù. Kì í ṣe pé ọtí jẹ́ oògùn kọ́lẹ́rà o. Wọn kò débi páǹpù náà ni. Ṣùgbọ́n ní ilé-iṣẹ́ kan ní nọ́ńbà 37, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun kékeré tó ń ta iná sí ẹ̀tù ìbọn, àgbá ńlá méjì ni wọ́n máa ń fi omi páǹpù kún fún àwọn òṣìṣẹ́ láti máa mu. Wọ́n tó 200. Méjìdínlógún kú.

Ìyá tó ni ilé kọfí kan ládùúgbò, tí omi páǹpù náà máa ń wà lórí tábìlì rẹ̀, sọ fún Snow ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án pé òun ti mọ oníbàárà òun mẹ́sàn-án tó ti kú.

Àwọn kan wà tí wọ́n kúrò ní àdúgbò tí ọkàn wọn kò kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, opó ẹni ọdún 59, ń gbé ní West End ní Hampstead, ó ti pẹ́ tó ti kúrò ní Broad Street. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kan máa ń ti Broad Street lọ sí ọ̀hún lójoojúmọ́, wọ́n sì máa ń gbé ìgò omi páǹpù ńlá kan fún un, nítorí omi ibẹ̀ ló fẹ́ràn. Wọ́n gbé e dé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 31. Ó mu ún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tún mu ún ní Ẹtì. Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀; ní Àbámẹ́ta, ó kú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan tó wá kí i mu nínú omi náà, ó padà sí Islington, ó kú síbẹ̀. Kò sí kọ́lẹ́rà ní West End nígbà yẹn, kò sí ní apá Islington tí ọmọbìnrin náà ń gbé. Bí wọ́n bá ní kí a mú ẹyọ ẹ̀rí kan ṣoṣo nínú gbogbo ìwádìí yìí, ìgò yẹn ni. Afẹ́fẹ́ kì í wọ kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Ọwọ́ páǹpù

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, Snow lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀ St James, ó sọ ohun tó rí. Wọ́n yọ ọwọ́ páǹpù náà lọ́jọ́ kejì.

Ẹ wo iye àwọn tí àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, lára àwọn tó padà kú, lójoojúmọ́ bí Snow ṣe tò ó: ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 56, ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, 143, ọjọ́ 2, 116, ọjọ́ 3, 54, ọjọ́ 4, 46, ọjọ́ 5, 36, ọjọ́ 6, 20, ọjọ́ 7, 28, ọjọ́ 8 tí wọ́n yọ ọwọ́ páǹpù, 12. Ó hàn kedere pé àrùn náà ti ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Snow kò fi èyí pamọ́. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àrùn ti dín kù tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọwọ́ páǹpù tí a kò fi lè mọ̀ bóyá omi náà ṣì ní májèlé nínú tàbí ó ti mọ́. Ohun kan tó dá a lójú ni pé àwọn ènìyàn ti sá: kò tó ọjọ́ mẹ́fà tí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ará òpópónà tí àrùn náà ti le jù fi kó jáde.

Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ tí àrùn múni ni ìwé yẹn fi ṣírò. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ikú ni, téńté rẹ̀ yóò bọ́ sí ọjọ́ 2, nígbà tí ènìyàn 127 kú, dípò ọjọ́ 1. Ọjọ́ kan péré ni ìyàtọ̀ yẹn, nítorí pé kọ́lẹ́rà ń yára pa ènìyàn. Nínú àrùn tó ń falẹ̀, àṣìṣe yìí lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ń wá orísun yóò sì máa wo ọjọ́ tí orísun náà ti gbẹ.

Máàpù, àti ohun tí kò lè rí

Ní oṣù Kejìlá 1854 ni Snow tó gbé máàpù náà hàn níwájú ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1855. Òkú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlà dúdú kúkúrú kan níwájú ilé tó ti ṣẹlẹ̀. Bí ilé kan bá ní òkú mẹ́rin, ìlà mẹ́rin ni yóò gorí ara wọn. Páǹpù mẹ́tàlá ló wà lórí rẹ̀.

Ó dára lójú, ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ kò kéré. Ìlà náà kò sọ iye ènìyàn tó ń gbé inú ilé: òkú mẹ́rin nínú ilé tó ní èrò 40 kò dà bí òkú mẹ́rin nínú ilé ẹni mẹ́jọ. Àwọn tí wọ́n gbé lọ sí ọsibítù tí wọ́n kú síbẹ̀ láìsí àdírẹ́sì nínú ìwé kò sí lórí rẹ̀. Ìyẹn nìkan tó láti da ìwádìí rú, nítorí bí a bá fi òkú sí ibi tó ti kú dípò ibi tí àrùn ti mú un, ọsibítù ni yóò dà bí orísun àrùn.

Ohun kẹta ni ọ̀nà. Snow rí i pé àwọn òpópónà kan sún mọ́ páǹpù Rupert Street lórí máàpù, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ yí kòǹdó, kò sún mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó gbé garawa, ilẹ̀ ló ń rìn. Nítorí náà, nínú máàpù kejì tó ṣe fún ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba ìbílẹ̀ náà, ó fa ìlà kan yí páǹpù Broad Street ká, ìlà tó kọjá níbi tí ìrìn lọ sí páǹpù náà àti ìrìn lọ sí òmíràn ti dọ́gba. Inú ìlà yẹn ni òkú wà. Bí wọ́n bá ti ń dé etí rẹ̀, wọn a máa tán. Síbẹ̀, ìlà náà kò gbọ́n ju ènìyàn lọ. Páǹpù Marlborough Street wà níta rẹ̀, àwọn kan sì kú nítòsí rẹ̀. Snow béèrè. Omi Marlborough Street dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi sá fún un, Broad Street ni àwọn tó kú wọ̀nyẹn ti ń pọnmi.

Kì í ṣe òun nìkan ló ní máàpù. Edmund Cooper, ẹnjiníà ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó gọ́tà abẹ́ ilẹ̀, ti ya tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, nítorí àwọn ará àdúgbò ń sọ pé gọ́tà tuntun ló hú ibi tí wọ́n sin òkú àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1665 sí, pé èéfín òkú àtijọ́ ló ń jáde. Máàpù rẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. General Board of Health, ìgbìmọ̀ ìlera ti ìjọba, náà ní tiwọn, wọ́n sì fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò rí ìdí láti gbà pé omi ni. Ikú kan náà, òpópónà kan náà. Ẹni tó gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ni yóò wo bí àmì ṣe ṣù jọ, yóò ní ibẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ náà ká mọ́. Máàpù kò lè bá a jiyàn.

Ní gúúsù odò Thames lọ́dún yẹn, Snow dé ibi tí máàpù kò ti wúlò rárá. Ilé-iṣẹ́ omi méjì ló na páìpù sí òpópónà kan náà. Southwark and Vauxhall ń fa omi ní Battersea, níbi tí ìgbẹ́ ìlú ti ń ṣàn kọjá. Lambeth ti kó lọ sókè odò sí Thames Ditton láti 1852. Ilé yìí ń mu ti ọ̀kan, ilé tó fara tì í ń mu ti ìkejì. Ọ̀pọ̀ ayálégbé kò mọ èyí tó ń wọ ilé wọn, torí onílé ló ń sanwó omi. Snow bá gba omi wọn sínú ìgò kékeré, ó kán kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ silver nitrate sí i. Omi Lambeth ní iyọ̀ tí kò tó gíréènì kan (òṣùwọ̀n kékeré kan) nínú gálọ́ọ̀nù, 0.95 péré, ti ìkejì ní 37.9. Omi tó níyọ̀ púpọ̀ yóò yí padà sí funfun bíi wàrà lójú ẹsẹ̀, èyí tí kò ní yóò kàn ṣú díẹ̀. Bó ṣe mọ ti ẹni nìyẹn. Nínú ilé 40,046 tó ń mu ti Southwark and Vauxhall, òkú 1,263 ló wà. Nínú 26,107 ti Lambeth, 98. Ìyẹn jẹ́ 315 nínú ilé 10,000 sí 37.

Àlùfáà tó fẹ́ já Snow nírọ́

Ìwádìí Snow ní Broad Street ní ihò ńlá kan: òkú nìkan ló béèrè ọ̀rọ̀ wọn. 61 nínú 73 mu omi náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo àdúgbò bá ń mu ún, àti ẹni tó kú àti ẹni tó yè, kí ni 61 fi hàn? Kò sí iye àwọn alààyè tí a lè fi wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó dí ihò náà ni Henry Whitehead, ọ̀dọ́ àlùfáà ìjọ St Luke's ní Berwick Street. Kò gba ọ̀rọ̀ Snow gbọ́, ó sì pinnu láti já a nírọ́. Ó ní ohun kan tí Snow kò ní: wọ́n mọ̀ ọ́n nílé. Òun ló ń bá wọn gbàdúrà nígbà tí àrùn ń jà. Ó mọ ibi tí àwọn tó sá kó lọ, ó sì wá wọn rí. Ó padà sí ilé kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí ìdáhùn àkọ́kọ́ kì í sábà pé. Ìyàwó lè sọ pé ọkọ òun kò mu omi páǹpù rí, ọmọ yóò wá rántí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pé bàbá rán òun níṣẹ́ omi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní Broad Street nìkan, ó rí ènìyàn 137 tó mu omi náà: 80 nínú wọn ni àrùn mú. Ó rí 297 tí kò mu ún: 20 ni àrùn mú. Ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 7. Ó tún kíyè sí i pé àwọn arúgbó tó ń dá gbé yè ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí wọn kò ní ọmọ tí wọ́n lè rán lọ sídìí páǹpù. Ìwé rẹ̀ yí òun fúnra rẹ̀ lérò padà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Mushin tàbí ní Bẹẹrẹ lónìí, fóònù ọwọ́ rẹ̀ yóò fi àmì ilé sórí máàpù ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Iṣẹ́ ni kí ó kọ wákàtí tí ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, ibi tí aláìsàn sùn ní ọjọ́ márùn-ún tó ṣáájú, ibi tó ti ṣiṣẹ́, kànga tàbí bọ́hòlù tó pọn, píọ̀ wọ́tà tó rà, ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ tó ti jẹun. Kí ó sì béèrè gbogbo rẹ̀ bákan náà lọ́wọ́ aládùúgbò méjì tàbí mẹ́ta tí ara wọn le, tí ọjọ́ orí wọn bára mu. Bí a kò bá bi alára líle, ìwé òkú lásán la ní.

Nọ́ńbà 40

Ní ìparí oṣù Kẹta 1855, Whitehead ń wá nǹkan mìíràn nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ òkú nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sí ìlà kan: ilé nọ́ńbà 40, Broad Street, ọmọbìnrin oṣù márùn-ún, ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án lẹ́yìn tí ìgbẹ́ gbuuru ti ń ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọn kò pè é ní kọ́lẹ́rà. Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń wò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti ṣáájú ọjọ́ 31, iwájú ilé náà gan-an sì ni páǹpù wà.

Ó lọ bá ìyá ọmọ náà. Obìnrin náà sọ pé nígbà tí ọmọ òun ń ṣàìsàn, òun ń fi omi rẹ ìtẹ́dìí rẹ̀ nínú garawa, òun sì ń da díẹ̀ nínú omi náà sí kòtò ìdọ̀tí tó wà níwájú ilé.

Wọ́n ti wo inú kànga náà rí ṣáájú, láti inú, wọ́n sì ní bíríkì rẹ̀ kò ní ihò. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rán sọ̀fíyọ̀ kan tó ń jẹ́ Jehoshaphat York pé kó gbẹ́ ilẹ̀ láti ìta. Kòtò náà ti jẹrà: àwọn bíríkì rẹ̀ ti tú, ènìyàn lè fi ọwọ́ lásán gbé wọn kúrò láyè wọn. Láti ibi gọ́tà ilé náà dé ògiri kànga jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì àti íǹṣì mẹ́jọ, kò tó mítà kan. Ilẹ̀ tó wà láàárín ti rin gbingbin, ó hàn pé omi ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò lónìí fún ṣálángá àti kànga ni ó kéré tán mítà 30. Ẹni tó bá mọ àwọn àgbàlá tí ṣálángá àti kànga ti ń kọjú sí ara wọn kò ní fi ti London rẹ́rìn-ín.

Bàbá ọmọ náà, tó jẹ́ ọlọ́pàá, wà nínú ìwé òkú kan náà. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ni kọ́lẹ́rà mú un, ọjọ́ tí wọ́n yọ ọwọ́ páǹpù gan-an, ó sì kú ní ọjọ́ 19. Fún gbogbo ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, ìyàwó rẹ̀ tún ń da omi garawa sínú kòtò kan náà, kò sì sí ẹni tó lè fa omi kànga náà mu.